Oògùn jẹjẹrẹ tí a dì bí ẹ̀kọ: kí ni yóò tú u, ibo ni yóò sì ti tú?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó bá sin ẹbí wọn lọ gba kímò, ìyẹn oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, máa ń bi ara wọn nígbà tí wọ́n bá ti kúrò níwájú dókítà: ṣebí ọmú ni àìsàn wà, kí ló dé tó jẹ́ irun orí ló ń re? Ẹnu ń bó, èébì ò jẹ́ kó jẹun, èékánná ń dúdú. Jẹjẹrẹ kò sí ní ìkankan nínú àwọn ibi wọ̀nyẹn. Oògùn ló débẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ò le. Iṣan ni wọ́n sábà máa ń fa kímò sí, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e káàkiri láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí mọ̀: sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá, ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, òun ni wọ́n ń pa. Jẹjẹrẹ ń pín bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò irun náà ń pín bẹ́ẹ̀, awọ inú ẹnu àti ti ìfun kò gbẹ́yìn, mùdùnmúdùn inú egungun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kì í tilẹ̀ sinmi. Àgbẹ̀ tó bá ti fín oògùn apakoríko rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Koríko ló dójú lé, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbé e, ewé ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko náà á rọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè jù. Doxorubicin ni. Ó pọ́n bíi zóbò, débi pé ìtọ̀ ẹni tó gbà á máa ń pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún tẹ́lẹ̀ á rò pé ẹ̀jẹ̀ lòun ń tọ̀. Kòkòrò inú erùpẹ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ní Ítálì ń yẹ̀ wò, Streptomyces peucetius, ni orísun rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í wo jẹjẹrẹ ọmú àti àwọn mìíràn, àwọn dókítà ilẹ̀ wa náà ń lò ó. Ó lágbára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lé jẹjẹrẹ ló ń ṣe ọkàn léṣe, ìpalára náà kì í sì í tán lára. Nítorí èyí ni iye tí ènìyàn lè gbà ní gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní ààlà, nǹkan bíi 450 sí 550 mílígíráàmù fún sìkúíà mítà kan tí awọ ara rẹ̀ fẹ̀. Bó bá ti kan ibẹ̀, dókítà á dáwọ́ dúró, bí jẹjẹrẹ ọ̀hún tilẹ̀ ṣì ń gbọ́ oògùn.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe oògùn tó lè pa jẹjẹrẹ la ò ní. Ó wà. Ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò gbọdọ̀ ti ṣiṣẹ́ ni gbogbo wàhálà.

Èrò tó wá sọ́kàn àwọn onímọ̀ ni èrò tí ẹlẹ́kọ ti ń lò láti ayébáyé: ẹ dì í. Bí oògùn bá wà nínú ewé, kò ní fara kan ohun tó wà lójú ọ̀nà. Ìdì tí à ń sọ yìí ló ń jẹ́ nanopátíkù, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, ìwọ̀n lásán ni. Bí ẹ bá gé mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bíi 80,000 nanomítà. Ìdì oògùn tí mò ń wí kò ju nǹkan bíi 100 lọ, ìyẹn ni pé 800 nínú rẹ̀ lè tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lórí ìbú irun kan. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ kó kéré ṣá. Bó bá kéré jù, tó rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi nanomítà 5, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Bó bá tóbi jù, ẹ̀dọ̀ á gbá a mú.

Kí ni wọ́n fi ń dì í? Oríṣiríṣi nǹkan ni, ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ jù tó sì dájú jù ni ọ̀rá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nítòsí Cambridge ní Gẹ̀ẹ́sì, Alec Bangham ń wo irú ọ̀rá tó wà nínú pupa ẹyin bó ṣe ń ṣe nínú omi, ó sì rí i pé fúnra rẹ̀ ló ń ká kò, tó ń di róbótó tó nínú, bíi ìfóòfó ọṣẹ. Omi wà nínú, omi wà níta, awọ ọ̀rá ló pín wọn níyà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní lípósóòmù. Ẹni tó bá rí ohun tó nínú, kò ní pẹ́ kó tó ronú ohun tí yóò kó sínú rẹ̀.

Yechezkel Barenholz àti Alberto Gabizon, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Jerúsálẹ́mù, ló kó doxorubicin sínú rẹ̀. Wọ́n tún gbé ẹ̀kú wọ ìdì náà: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń jẹ́ PEG tó bo gbogbo ara rẹ̀, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé àjèjì mì má bàa dá a mọ̀. Oògùn náà, Doxil, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, òun sì ni nanopátíkù oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀. Báwo ló ṣe wá ń dé ibi jẹjẹrẹ? Ìkánjú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́. Kókó jẹjẹrẹ ń dàgbà lójijì, ó sì ń fi ìkánjú la iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀, bí ilé tí kọ́ńgílá fi ìwàǹwára kọ́: gbogbo ògiri ń jò. Ohun tí kò lè gba ara iṣan tó pé kọjá á gba ara iṣan tó ń jò kọjá, á sì há síbẹ̀. Yasuhiro Matsumura àti Hiroshi Maeda ní Japan ló kọ èyí síta lọ́dún 1986, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló sì gbára lé e.

Doxil dáàbò bo ọkàn lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí o: ìdì náà le. Ohun tí kò jẹ́ kí oògùn jò sára ọkàn ni kò jẹ́ kó tètè tú sára jẹjẹrẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò jáde, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì ń lọ kóra jọ sí awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tí yóò fi máa bó. Ẹ dì í tì, kò tú. Ẹ dì í fúyẹ́, á tú lójú ọ̀nà. Àárín ìṣòro méjèèjì yìí ni gbogbo ìwádìí tí mo fẹ́ ṣàlàyé bọ́ sí. Ṣé a lè ṣe ìdì tó le gbọin-gbọin nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ tí nǹkan kan níbi jẹjẹrẹ gan-an á fi tú u pátá?

Nǹkan náà lè jẹ́ ohun tó wà lára jẹjẹrẹ látilẹ̀wá, ó sì lè jẹ́ ohun tí dókítà mú wá láti ìta.

Nínú ti àkọ́kọ́, kíkan ni àwọn olùwádìí fẹ́ràn jù. Láti àwọn ọdún 1920 ni Otto Warburg, ará Jámánì, ti rí i pé jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà lọ́nà tó ṣàjèjì. Sẹ́ẹ̀lì tó pé máa ń fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jó ṣúgà tán; jẹjẹrẹ á sọ ọ́ di ásíìdì, bí ọ́síjìn tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ ásíìdì náà o, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló ń mú ogi kan. Òun ló wà nínú omidùn tí ìyá àgbà fi ń rẹ egbò igi. Kókó jẹjẹrẹ kan díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ogi ṣe ń kan, kìkì pé ti ogi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Òṣùwọ̀n kíkan ni pH. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i, ìṣísẹ̀ kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ wà ní 7.4. Àyíká kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń wà láàárín 6.5 sí 6.9. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá wá gbé ìdì oògùn mì, inú àpò kékeré kan tó dà bí ikùn rẹ̀ ló ń kó o sí, ibẹ̀ á sì máa kan sí i títí yóò fi tó nǹkan bíi 5 tàbí kó tilẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ wá ń so oògùn mọ́ ìdì pẹ̀lú okùn tí omi kíkan máa ń já. Nínú ẹ̀jẹ̀, okùn náà dúró; nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì, ó já. Àwọn mìíràn ń fi ike kan dì í tó jẹ́ pé bí ásíìdì bá kàn án, gbogbo apá ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn sẹ́yìn, ìdì náà á wú, á sì fọ́.

Lórí ìwé, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo tó wà láàárín 7.4 àti 6.8. Ó kéré. Láti ṣe ìdì tí kò ní ṣe bí ẹni pé òun mọ nǹkan kan ní 7.4, tí yóò sì tú tán ní 6.8, ọgbọ́n gidi ló gbà. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tó kan jù lọ nínú kókó jẹjẹrẹ ni ibi tó jìnnà jù sí iṣan ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ìdì oògùn ń gbà wọlé. Ibi tí ilẹ̀kùn ti lè ṣí jìnnà sí ọ̀nà tí àlejò ń gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ikùn sẹ́ẹ̀lì ló ṣeé gbára lé ju àyíká rẹ̀ lọ.

Kíkan nìkan kọ́ ló wà. Èròjà kan wà tí ń jẹ́ glutathione, tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100, òun náà sì ń já irú okùn tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tún wà, àwọn tí jẹjẹrẹ fi ń jẹ ọ̀nà wọ inú ẹran ara tó yí i ká. Ẹ lè fi okùn tí ẹ́ńsáìmù yẹn nìkan lè gé di oògùn. Èyí kì í ṣe àlá. Brentuximab vedotin, oògùn fún jẹjẹrẹ Hodgkin tó gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011, irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń lò: ẹ́ńsáìmù inú ikùn sẹ́ẹ̀lì ló ń gé e kí májèlé tó tú jáde. Kì í ṣe nanopátíkù, àǹtíbọ́dì (èròjà ara tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tí wọ́n so oògùn mọ́ ni, àmọ́ ẹ̀rí ni pé ìdì tí sẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara rẹ̀ tú lè wo aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síta, torí ibẹ̀ ni ìtàn tó kún jù wà.

Ẹ ti rí òrí nígbà ọyẹ́. Ó le bí òkúta nínú igbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sí àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti di òróró. Gbogbo ọ̀rá ló ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ tí yóò fi yọ́. Lọ́dún 1978, Milton Yatvin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé, bí a bá rí ọ̀rá tó ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru tó fi díẹ̀ ga ju ti ara lọ, kí a fi dì oògùn, ká fà á sínú iṣan, ká wá máa gbóná ibi jẹjẹrẹ nìkan. Ara wà ní nǹkan bíi 37, ìdì á dúró. Ibi tí a ń gbóná dé 41 tàbí 42, ìdì á tú. Kò sí ohun tó tún rọrùn láti yé ni tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìmọ̀ yìí.

David Needham àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Duke ṣe irú ọ̀rá tó ń tú láàárín ìṣẹ́jú àáyá, kì í ṣe wákàtí, èyí tó wá di ThermoDox. Doxorubicin, oògùn pupa wa yẹn náà, ló wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n gbé ìdánwò ńlá rẹ̀ dojú kọ. Oríṣi jẹjẹrẹ yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B, àti nítorí májèlé tí bíbu máa ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí wọn ò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o pamọ́. Àwọn dókítà ti ní abẹ́rẹ́ kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi iná mànàmáná mú gbóná láàárín kókó náà láti sun ún. Àárín á jóná, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kàn máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, etí yẹn ni jẹjẹrẹ sì ti máa ń padà hù. ThermoDox á wá tú ní etí náà gẹ́lẹ́. Ta ni kò ní gbà pé á ṣiṣẹ́?

Wọ́n gba aláìsàn 701 wọlé. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ iná nìkan, àwọn kan gba tòun ti ThermoDox. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 èsì jáde: kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà nínú àkókò tí jẹjẹrẹ kò fi padà.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Wọ́n padà tú ìwé àwọn aláìsàn wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí dókítà gbóná fún ìṣẹ́jú 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dà bí ẹni pé ẹ̀mí wọn gùn sí i. Ó bọ́gbọ́n mu: ooru tó pẹ́, oògùn tó pọ̀. Wọ́n tún gba àwọn aláìsàn tuntun, tó lé ní 500, lọ́tẹ̀ yìí gbogbo wọn ni wọ́n sì gbóná fún ìṣẹ́jú 45 ó kéré tán. Lọ́dún 2020, àwọn tó ń ṣọ́ èsì ní kí wọ́n ronú láti dáwọ́ ìdánwò náà dúró, torí kò jọ pé yóò so èso. Ìdì náà ń tú bí wọ́n ṣe sọ, ìyẹn kò sí nínú àríyànjiyàn. Pé ó tú níbi tó yẹ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pé aláìsàn pẹ́ láyé, ẹni tó bá ń ka ìròyìn ìlera gbọ́dọ̀ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Láàárín ìgbà kan náà, ní Oxford, àwọn dókítà kan mú ThermoDox yìí, wọ́n sì fi ultrasound (ìró tí etí kò lè gbọ́) tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ojú kan mú kókó inú ẹ̀dọ̀ gbóná láti ìta, láìgún ẹ̀dọ̀ láti gbóná an. Aláìsàn mẹ́wàá péré ni. Ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 ni pé oògùn inú kókó náà fi ìlọ́po 3.7 pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n gbóná an, bí a bá pín in dọ́gba. Ènìyàn 10 kò tó láti fi sọ pé oògùn ń woni sàn, wọn ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé lára ènìyàn, kì í ṣe lára eku nìkan, a lè pàṣẹ fún ìdì kó tú síbi tí a fẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ àti òòfà náà wà níbẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Ní Houston, Naomi Halas àti Jennifer West ṣe róbótó kékeré tí wúrà bò lójú, tí irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú kò rí máa ń mú gbóná, wọ́n sì ti dán an wò lára àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ próstéètì. Ní Jámánì, irin kékeré bí ìpẹtà tí òòfà onílọ-bọ̀ ń mú gbóná gba àṣẹ ní Yúróòpù lọ́dún 2010 fún jẹjẹrẹ ọpọlọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé oògùn kankan kò sí nínú àwọn méjèèjì. Ooru fúnra rẹ̀ ni oògùn. Ìmọ́lẹ̀ tún ní àbùkù pé kì í wọ ẹran ara jìnnà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí fídíò WhatsApp kì í sọ. Lọ́dún 2016, ilé ìwádìí Warren Chan ní Toronto kó èsì ọdún mẹ́wàá jọ, wọ́n sì béèrè pé: nínú gbogbo nanopátíkù tí a fà sínú iṣan ẹran ìwádìí, mélòó ló ń dé inú kókó jẹjẹrẹ? Ìdáhùn tó bọ́ sí àárín ni ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rán 1,000, 7 ló dé. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kú tí a gbé wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ kan bá a jiyàn pé bí wọ́n ṣe ka iye yẹn kò tọ́, àríyànjiyàn náà sì gbóná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ pé èyí tó pọ̀ jù ló ń dé. Kọ́kọ́rọ́ tó dára jù láyé kò ní ṣí ilẹ̀kùn tí kò dé iwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eku náà sì wà níbẹ̀. Eku ìwádìí wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20. Kókó gíráàmù kan lára rẹ̀ dà bí kókó kílò mẹ́ta àbọ̀ lára ẹni tó wúwo tó kílò 70. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sì hù, pẹ̀lú iṣan tó ń jò yàyà. Jẹjẹrẹ ènìyàn lè ti wà lára fún ọdún púpọ̀, iṣan rẹ̀ ò sì jò bákan náà. Nínú ara ẹnì kan ṣoṣo pàápàá, kókó kan lè jò kí èkejì má jò. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá kà á pé nanopátíkù kan tó ń gbọ́ ti kíkan "mú jẹjẹrẹ pòórá", ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé eku ni. Ó sábà máa ń wà ní ìpínrọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin.

Níbo la wá dé? Àwọn ìdì ọ̀rá tí dókítà ń kọ fún aláìsàn lónìí, Doxil láti 1995, Onivyde fún jẹjẹrẹ pancreas (ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn) láti 2015, Vyxeos fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láti 2017, kò sí èyí tí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ ooru tàbí ti kíkan fún nínú wọn. Fúnra wọn ni wọ́n ń jò tàbí kí sẹ́ẹ̀lì tú wọn palẹ̀. Àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Gbogbo àwọn ìdì oògùn tí mo dárúkọ yìí ni wọ́n ń fà sí iṣan ní ọsibítù, kò sí èyí tó jẹ́ àgúnmu, tàbí ọṣẹ, tàbí omi inú ìgò tí wọ́n kọ "nano" sí lára.

Ẹni tó bá ń gba oògùn pupa yẹn lọ́wọ́ báyìí kò nílò láti dúró de kọ́kọ́rọ́ kankan kó tó béèrè ohun méjì lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá padà lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tí mo ti gbà láti ọjọ́ yìí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mélòó? Ìgbà wo lẹ sì máa tún yẹ ọkàn mi wò?" Nọ́ńbà náà wà nínú fáìlì.